Háà àti Àpótí Tó Ń Ṣẹ́jú

Háà ni wọ́n ń pè é.

Bàbá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ lórúkọ.

Bí ó bá rí òjò, á ní, “Háà!” Bí ó bá rí èèrà tó ru hóró ìrẹsì, á ní, “Háà!” Ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀ bí ẹnu ìkòkò.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Háà.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ohun ńlá kan wọlé wá. Inú páálí ló wà. Páálí náà ga ju Háà lọ.

Mọ́mì di apá kan mú. Àǹtí di apá kejì mú. Gẹ̀rẹ̀, gẹ̀rẹ̀, gẹ̀rẹ̀. Wọ́n wọ́ ọ dé pálọ̀.

Wọ́n ya páálí. Fààà!

Tẹlifíṣọ̀n tuntun ni! Ó dúdú. Ó ń dán. Háà wo inú rẹ̀, ó sì rí Háà mìíràn tó la ẹnu sílẹ̀.

“Háà!” ni ó wí.

Ẹnu yà á.

“Nítorí Ìyá Àgbà ni mo ṣe rà á,” ni Mọ́mì wí.

Ìyá Àgbà ló bí Dádì. Inú ọkọ̀ ojú omi ńlá ni Dádì ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ̀nà jíjìn réré. Ó máa ń pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n á sì máa rí ojú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú Ìyá Àgbà ti di ojú àgbà. Fóònù sì kéré.

“Ṣé ọmọ mi nìyí, àbí hóró ẹ̀wà?” ni Ìyá Àgbà máa ń bi wọ́n. Á dá fóònù padà. Á wọ yàrá rẹ̀ lọ. Á ti ilẹ̀kùn. Pà!

Láti ìgbà tí Bàbá Àgbà ti kú, títì ni ilẹ̀kùn náà máa ń wà.

“Lónìí, ọkọ̀ Dádì wà ní èbúté,” ni Mọ́mì wí. “Ìrọ̀lẹ́ ni yóò tún ṣí. Bí ó bá ti dé àárín òkun, kò sí pípè mọ́, ó di ìgbà pípẹ́. Mo fẹ́ kí Ìyá Àgbà rí ojú ọmọ rẹ̀ dáadáa kí ó tó lọ.”

“Háà,” ni Háà wí, ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Àbúrò Mọ́mì ni Àǹtí. Àǹtí Mo-Mọ̀-Ọ́n ni wọ́n ń pè é. Kò sí ohun tí kò mọ̀ lábẹ́ ọ̀run.

“Ká so tẹlifíṣọ̀n mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì? Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Mo mọ̀ ọ́n!”

“Ìwọ náà lo mọ fáànù tún ṣe níjọ́sí,” ni Mọ́mì wí. “Ẹ̀yìn ló ń fẹ́ sí títí di òní.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ọ̀rọ̀ fáànù sílẹ̀ ná. Ẹ gbé rìmóòtù wá.”

Tí! Tẹlifíṣọ̀n tàn. Àwọn orúkọ jáde sójú rẹ̀. Wọ́n tò sílẹ̀ bí ọmọ iléèwé.

Háà ti ń kàwé díẹ̀díẹ̀. “A-rán-ṣọ,” ni ó kà. “Dó-kí-tà E-yín.”

Ó fò sókè. “Háà! Aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa! Inú tẹlifíṣọ̀n wa ló ti ń sùn?”

Àǹtí rẹ́rìn-ín. “Rárá o. Íńtánẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ nìyẹn. Ilé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, tirẹ̀ sì ní orúkọ. Inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà kọjá. Kò ní ẹsẹ̀, kò ní wáyà.”

“Tiwa dà?”

Tiwọn wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bàbá Àgbà ló sọ ọ́ lórúkọ. Ohun tó máa ń wí bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé ló fi sọ ọ́.

Ẹ KÚ ILÉ. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà.

Ìlà mẹ́rin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ aránṣọ, torí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lágbára. Wọ́n sanra. Ìlà kan ṣoṣo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Ó tín-ín-rín. Ó ń gbọ̀n.

Mọ́mì pe ọ̀rọ̀ ìwọlé. Àǹtí ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí, tí, tí, tí.

Òrùka kékeré kan jáde. Ó ń yí. Yíí, yíí, yíí.

Gbogbo wọn tẹjú mọ́ ọn. Yíí, yíí, yíí.

Tọ́ọ̀!

KÒ WỌLÉ. Ohun tí tẹlifíṣọ̀n kọ nìyẹn.

“Háà!” ni Háà wí.

“Háà!” ni Mọ́mì wí.

“Mo mọ̀ ọ́n,” ni Àǹtí wí. Ó pa tẹlifíṣọ̀n. Ó tún un tàn. Tí, tí, tí, tí. Yíí, yíí, yíí.

Tọ́ọ̀! KÒ WỌLÉ.

Háà fi ọwọ́ lérán, ó ń ronú. Inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà. Bóyá kò rí ọ̀nà wọlé ni.

Ó ṣí wíńdò àkọ́kọ́. Wàà! Ó ṣí wíńdò kejì. Wàà! Ó ṣí ilẹ̀kùn ìta. Ó kó gbogbo bàtà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí íńtánẹ́ẹ̀tì má baà kọsẹ̀.

“Ẹ máa wọlé o,” ni ó wí.

Fùùù! Atẹ́gùn ló wọlé. Kọ́tìnì fò sókè, ó bo Àǹtí lórí. Eruku wọ̀ ọ́ nímú.

“Hàtíṣìn! Ta ló ṣílẹ̀kùn?”

“Èmi ni, mà. Íńtánẹ́ẹ̀tì ni mò ń pè.”

Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó lórí páálí. Páálí wó. Gbì! Ẹsẹ̀ Mọ́mì nìkan ló kù lókè.

“Háà!”

Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n kò rẹ́rìn-ín. Yíí, yíí, yíí. Tọ́ọ̀! KÒ WỌLÉ.

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀. Ọkọ̀ Dádì ti fẹ́ ṣí.

“Mọ́mì,” ni Háà wí, “níbo gan-an ló ti ń wá?”

“Láti inú ẹ̀rọ dúdú kékeré kan. Ó ní ojú mẹ́rin tó ń ṣẹ́jú. Bàbá Àgbà ló rà á. Ojú wíńdò yàrá wọn ló máa ń wà.”

“Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?”

Mọ́mì wo ilẹ̀kùn Ìyá Àgbà. “N kò mọ̀,” ni ó wí. “Láti ọjọ́ tí Bàbá Àgbà kú, n kò wọ ibẹ̀ mọ́. N kò fẹ́ yọ Ìyá Àgbà lẹ́nu.”

Háà rìn lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn tó máa ń wà ní títì.

Kó, kó, kó.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, mà.”

“Èmi wo?”

“Èmi Háà.”

“Wọlé, ọkọ mi.”

Háà wọlé, ó kí i. “Ẹ kú ìjókòó, mà. Mò ń wá ẹnì kan tó dúdú, tó kéré, tó ní ojú mẹ́rin.”

“Olójú mẹ́rin kẹ̀!” Ìyá Àgbà di etí bẹ́ẹ̀dì mú. “Kí ni mo rí sọ fún olójú mẹ́rin? Èmi tí méjì péré ò ríran mọ́!”

Háà wo ojú wíńdò. Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀. Wáyà kan ló rí. Wáyà náà ti ìta wọlé, ó sì ń lọ sílẹ̀.

Háà tẹ̀ lé e. Ó gba ẹ̀yìn kọ́tìnì. Ó gba abẹ́ àga. Ó fà wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí alángbá.

Àpótí irin ńlá kan wà níbẹ̀. Wáyà náà gba abẹ́ ìdérí wọ inú rẹ̀ lọ.

Háà fi ojú kan sí àlàfo tó wà lábẹ́ ìdérí. Inú àpótí ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n iná kékeré kan wà níbẹ̀. Ó tàn. Ó kú. Ó tàn. Ó kú.

“Háààà!” Háà fi orí gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kó! “Ìyá Àgbà! Nǹkan kan wà láàyè nínú àpótí yín! Ó ń ṣẹ́jú sí mi!”

“Má fọwọ́ kàn án!”

Ẹnu ya Háà. Ìyá Àgbà kì í jágbe mọ́ ọn.

Ẹnu ya Ìyá Àgbà náà. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Má bínú, ọkọ mi,” ni ó wí. “Ẹrù Bàbá Àgbà rẹ ni. Gbogbo ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ni mo kó síbẹ̀. N kò fẹ́ kí nǹkan kan tún sọnù mọ́ mi lọ́wọ́.”

Háà kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Kò fọwọ́ kàn án. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí.

“Ìyá Àgbà, ṣé kí a jọ wò ó?”

Ìyá Àgbà dìde. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa àpótí jáde. Wọ̀ọ́. Ó ṣí i. Kíììì.

Òórùn ọṣẹ Bàbá Àgbà jáde wá, ó kí wọn.

Bàtà rẹ̀ wà níbẹ̀. Awò ojú rẹ̀ wà níbẹ̀. Fìlà rẹ̀ wà níbẹ̀. Láàárín wọn, lábẹ́ súwẹ́tà rẹ̀, ẹ̀rọ dúdú kékeré kan jókòó. Ojú mẹ́rin. Ṣẹ́jú, ṣẹ́jú, ṣẹ́jú.

“Òun fúnra rẹ̀ ló rà á,” ni Ìyá Àgbà wí. “Àràárọ̀ ló máa ń fi áńkáṣíìfù nù ún. Mo ní, tirẹ̀ ni. Mo bá kó o mọ́ tirẹ̀. Wáyà rẹ̀ ni kò gbà kí n yọ òun.”

“Ó ṣì ń ṣiṣẹ́, mà,” ni Háà wí. “Ó ń pè wá láti inú irin. Ẹ kú ilé, ẹ kú ilé, ẹ kú ilé. Àwa ni a ò gbọ́.”

Ìyá Àgbà wo ẹ̀rọ náà. Ó gbé e jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún. Ó gbé e padà sí ojú wíńdò.

Lẹ́yìn náà, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ó ṣí i gbayawu.

“Yéèèè!” Àǹtí ló kígbe ní pálọ̀.

Ìlà kan. Ìlà méjì. Ìlà mẹ́ta. Ìlà mẹ́rin! Wọ́n sanra ju ti aránṣọ lọ!

Òrùka yí lẹ́ẹ̀kan péré. Tíìn!

Ó TI WỌLÉ!

“Háà!” ni Mọ́mì wí. “Kí ló ṣẹlẹ̀?”

Kò sí àyè ìdáhùn. Gírín, gírín! Fóònù Mọ́mì ló ń dún. Mọ́mì gbé e dúró lórí tábìlì. Ó tẹ ibì kan. Àwòrán fò jáde nínú fóònù, ó bọ́ sínú tẹlifíṣọ̀n. Wàì!

“Ẹ kú ilé o!”

Dádì ni! Ojú rẹ̀ gba gbogbo tẹlifíṣọ̀n kan. Eyín rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́ Háà.

Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Ó di ògiri mú. Ẹnu rẹ̀ là, ó là bí ti Háà gan-an.

“Yéè! Ọmọ mi! Kí ló ṣe orí rẹ tó tóbi báyìí? Ṣé oúnjẹ inú ọkọ̀ ló fà á?”

Dádì rẹ́rìn-ín. Tẹlifíṣọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ mì. “Ìyá mi! Ṣé ẹ rí mi?”

“Mo rí ọ. Mo rí ihò imú rẹ pàápàá.” Ìyá Àgbà sún mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. “Orí rẹ tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n o ti rù.”

Háà sáré wọlé. Fìlà kan wà lórí rẹ̀. Fìlà náà bò ó lójú, ó bò ó nímú, ẹnu nìkan ló kù.

Dádì tẹjú mọ́ fìlà náà. “Háà,” ni ó wí, “fìlà ta nìyẹn?”

Mọ́mì wo ilẹ̀. Àǹtí wo òkè àjà.

Ìyá Àgbà ló dáhùn. “Ti Bàbá rẹ ni. Ó ti jáde nínú àpótí.”

Omi kan jáde lójú Dádì. Ó tóbi. Ó ń yí bọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n.

Ìyá Àgbà mú etí aṣọ rẹ̀. Ó fi nu omijé náà. Ó nù ún pẹ̀lẹ́, láti ojú dé àgbọ̀n.

“O kí wa nígbà tí o dé,” ni ó wí, “n kò tíì dá ọ lóhùn. Káàbọ̀, ọmọ mi.”

Wọ́n sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà náà ni ọkọ̀ ńlá fun fèrè. Fóóóòò! Ó dún tó bẹ́ẹ̀ tí Àǹtí fi sá sẹ́yìn àga.

“Ó dàbọ̀ o!” “Ó dàbọ̀!” “Háà, tọ́jú Ìyá Àgbà fún mi!” “Ó dàbọ̀!”

Mọ́mì yíjú sí Àǹtí. “Ìyá Àgbà ní inú àpótí irin ni òun ti ẹ̀rọ náà mọ́. Ìwọ, ṣé o mọ̀ pé íńtánẹ́ẹ̀tì kì í lè gba inú irin kọjá dáadáa?”

Àǹtí họ orí. “N kò mọ̀ ọ́n.”

“HÁÀ!” ni gbogbo wọn kígbe.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Háà jí. Ó dé ẹnu yàrá Ìyá Àgbà. Ó gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀.

Ìyá Àgbà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò. Ó na áńkáṣíìfù Bàbá Àgbà sí i. “Gbà. Ìwọ ni kí o máa nù ún.”

Háà nù ún tónítóní, ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ̀rọ náà ṣẹ́jú sí Háà. Háà náà ṣẹ́jú sí i.

“Ẹ káàbọ̀,” ni ó wí.