Ehoro Tí Mo Fi Ọwọ́ Méjèèjì Gbà

Ọjọ́ Àlàmísì kan nínú oṣù Kẹfà ọdún 1988, bí mo ti kírun Àsárì tán, ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo jókòó nídìí òfì mi ní Ìṣokùn, ní ìlú Ọ̀yọ́, ìró kan sì ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé: ọ̀kan fúyẹ́, ọ̀kan wúwo, lẹ́yìn náà ìdákẹ́ díẹ̀. Mo mọ ìrìn náà. Ìrìn Mátíù ọ̀rẹ́ mi ni, ìrìn ẹni tí ó ń fi ọ̀pá ran ẹsẹ̀ òsì lọ́wọ́. Mo pe Kúbúrátù ìyàwó mi pé kí ó gbé àga jáde fún àlejò. Ó lọ, ó padà, ó ní kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ àfi ehoro nínú àgò rẹ̀, tí ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lu pákó.

Mo ní ẹranko lásán ni. Ẹni tí ó bá mọ̀ mí mọ̀ pé bí mo bá ti sọ̀rọ̀, n kì í yí i padà.

Mátíù fúnra rẹ̀ ló mú ehoro náà wá, ọjọ́ mẹ́jọ ṣáájú. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù sí wa lẹ́nu ni a ti ń ṣọ̀rẹ́. Awakọ̀ lọ́rì ni, Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ń gbé, ìjọ Aládùúrà ló sì ń lọ. Èmi ń kírun, òun ń wọ aṣọ funfun, ìyẹn kò dá wa níyà rí. Nígbà tí ìyá mi kú, òun ló bá mi gbẹ́ sàárè. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́rin tí egbò kan ti wà ní gìgísẹ̀ òsì rẹ̀ tí kò jinná. Kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́, lọ́rì rẹ̀ sì ti di ibùsùn adìyẹ.

Lọ́jọ́ tí ó mú un wá, ó gbé apẹ̀rẹ̀ lé mi lórí itan. Ehoro funfun ńlá kan wà nínú rẹ̀, akọ, ojú rẹ̀ pupa. Ó ní kí n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo gbà á bẹ́ẹ̀, mo dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó tú aṣọ tí ó fi di egbò, ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé e. Egbò náà ń rùn bí irin tí ó ti dógùn-ún nínú omi.

"Mùílì, ṣàdúrà fún mi," ni ó wí. "Má ṣe é lórí ahọ́n. Ṣe é láti inú."

Mo ṣe é láti inú. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ó gbé e kúrò lára rẹ̀. Ó ṣe àmín lẹ́ẹ̀meje, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Mo rò pé ìfẹ́ ni.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ehoro náà fi di ọ̀tá mi. Kúbúrátù lè gbé e mọ́ àyà, kí ó máa fọwọ́ pa á lórí. Àwọn ará ilé lè ki ewé bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí èmi bá ti sún mọ́ ọn, etí rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, á máa kùn bí ajá. Kì í bu ọwọ́ tí mo fi ń fún un lóúnjẹ jẹ. Bí mo bá ti ṣí àgò, á yí mi ká títí yóò fi dé ẹ̀yìn mi, gìgísẹ̀ òsì ni yóò sì bù jẹ.

Saifudeen, tí òfì rẹ̀ kángun sí tèmi, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Baba Zulaikha," ni ó máa ń wí, "ẹ̀yin tí sójà kò lè ní kí ẹ dìde lórí àga, ehoro ló wá ń lé yín gun tábìlì." Gbogbo àdúgbò ló ní ìmọ̀ràn. Wọ́n ní kí n da aṣọ bò ó kí n tó gbé e. Ó fi eyín já aṣọ náà. Wọ́n ní kí n máa wọ bàtà rọ́bà gígùn. Ó ní sùúrù títí mo fi bọ́ bàtà láti ṣe àlùwàlá, ibẹ̀ ló ti bá mi. Wọ́n ní abo ló ń wá, mo ra abo fún un, kò wo ibi tí ó wà. Saifudeen ní kí n kúkú pa á, òun á wá ata. Mo ní ẹ̀bùn ọ̀rẹ́ ni, àti pé ohun tí kò ga tó orúnkún kò ní ṣẹ́gun mi.

Nígbà tí oṣù Kẹjọ fi wọlé, ojú ibi tí ó ń bù jẹ kò pa dé mọ́. N kò lè tẹ igi ìsàlẹ̀ òfì, ẹsẹ̀ ni a sì fi ń hunṣọ bí a ti ń fi ọwọ́ hun ún. Kúbúrátù gbé omi gbígbóná àti iyọ̀ wá láti fọ̀ ọ́. Bí ó ti tú aṣọ, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ti gbọ́ òórùn náà kí ó tó yíjú. Irin tí ó dógùn-ún nínú omi.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ehoro sínú apẹ̀rẹ̀, mo wọ ọkọ̀ ní Òwódé lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Iwájú ilé Mátíù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sábó, ni mo ti bá a. Orí òkè lọ́rì rẹ̀ ló wà, ó ń so tapólì. Nígbà tí ó rí mi, ó fò bọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀.

Mo na apẹ̀rẹ̀ náà sí i. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Inú ilé ni ó ti ṣàlàyé fún mi, ní ohùn ìsàlẹ̀, kí Dorcas ìyàwó rẹ̀ má baà gbọ́. Ó ní ọkùnrin kan ní ọ̀nà Ìrẹsà, tí ó ń pe ara rẹ̀ ní wòlíì, ló fún òun ní ehoro náà. Wòlíì náà ní ohun tí ó wà lára ẹni yóò bá ehoro lọ sí ọwọ́ ẹni tí ó bá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, tí ó sì ṣàdúrà fún ẹni tí ó fún un. Bí ehoro bá sì kú, ẹni tí egbò bá wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà ló ni ín títí ayé.

Mo bi í pé, "Gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, o ò rí ẹlòmíràn fún?"

"Mo fún ẹni mẹ́ta kí ó tó kàn ọ́. Kò ṣiṣẹ́, wọ́n dá a padà. Àdúrà ẹnu ni wọ́n ṣe. Wòlíì ní àfi ẹni tí ó bá fẹ́ràn mi dénú." Ó wo ilẹ̀. "Mo rò ó títí, Mùílì. Ìwọ nìkan ni mo ní."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ó ń yìn mí. Dorcas gbé omi wá, n kò mu ún.

Nínú ọkọ̀, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ehoro lórí itan mi, mo ro ẹni tí ó lè ṣàdúrà fún mi láti inú. Ẹni méjì péré ni mo rí: Kúbúrátù, àti Zulaikha ọmọ wa tí ó wà nílé ọkọ. Kí a tó gun afárá Odò Ọbà, mo ti pinnu pé n kò ní fún ẹnikẹ́ni. Kí ó kú sí mi lára.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí mo délé. Ẹsẹ̀ mi ti wú débi pé mo fara ti ògiri lẹ́nu ọ̀nà. Kúbúrátù sì jáde wá pàdé mi. Nílé tiwa, baálé kì í ti àjò dé kí ó tún gbé ẹrù rẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni Kúbúrátù ti ń ṣe é, kì í dúró kí n sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ kú àbọ̀, Baba Zulaikha. Ẹ gbé e wá. Ọlọ́run á mú ìrora yìí kúrò lẹ́sẹ̀ yín."

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi. Títí di òní mo ṣì ń wádìí ọwọ́ mi wò, bóyá àárẹ̀ ló mú kí ó tú, bóyá òun ló fẹ́ tú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé apẹ̀rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀, ìrora náà rọ̀ wọ̀ọ̀ bí ìgbà tí a bu omi sí iná, mo sì ṣe àmín.

Nínú apẹ̀rẹ̀, ehoro náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn sí i.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gìgísẹ̀ mi ti gbẹ. Ti Kúbúrátù ti ṣí. Nígbà náà ni mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gba ehoro lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣàdúrà. Mo ṣe é lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ó fi pé ogójì ọjọ́. N kò ṣe é lórí ahọ́n. Mo fi Ọlọ́run búra, n kò ṣe é lórí ahọ́n. Ehoro náà á jókòó jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ mi, bí mo bá sì ti gbé e sílẹ̀, ọ̀dọ̀ Kúbúrátù ni yóò lọ.

Lọ́jọ́ tí ó pé ogójì, ó ní kí n sinmi. Ó ń wo mí bí ẹni tí ó ń wo ará ọ̀nà jíjìn.

"Àdúrà tí ẹ ṣe fún Mátíù gbà," ni ó wí. Kò gbé ohùn sókè.

Ehoro náà kú nínú ọyẹ́, nígbà tí ọdún 1989 bẹ̀rẹ̀. Abo rẹ̀ kú lọ́jọ́ kẹta. Ní oṣù Kejì, wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì Kúbúrátù lábẹ́ orúnkún. Èmi ti padà sídìí òfì mi, mo ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Ohun tí ó lọ nìyí: ehoro méjì, ọ̀rẹ́ kan, ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ náà kì í ṣe tèmi.