Ohun Tí Ìdáyátù Kọ Sínú Fáìlì

Ìjà ni Ìdáyátù àti Saheed fi pàdé. Ìdáyátù ló ń ka fáìlì àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn kan l'Ábújá, tó ń fi nọ́ńbà sí àìsàn kọ̀ọ̀kan. Saheed jẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ìdáyátù gbé fáìlì kan lọ bá a.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀sẹ̀ mélòó ni ọmọ yìí lò nínú ìyá rẹ̀? 'Oṣù rẹ̀ kò pé' nìkan lẹ kọ. Nọ́ńbà wo ni kí n fún un?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sábẹ́ fáànù, ẹ ò mọ̀ pé ọwọ́ wa dí."

"Tọ́wọ́ yín bá dí, ọmọ náà kọ́ ló fà á."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Saheed. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n jọ ń lọ ra ọsàn ní ọjà Zuba, Alhaja, ìyá Saheed tó ń ta aṣọ ní Jikwoyi, sì ti ń gbàdúrà fún wọn.

Àfi ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Fáìlì ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n wà níwájú Ìdáyátù. Ìwé ìgbẹ̀bí ní ọmọ náà wọn kílò kan. Saheed kọ kílò méjì. Ìwọ̀n yẹn ni wọ́n fi ń díwọ̀n oògùn! Ìdáyátù sáré gun àtẹ̀gùn, bàtà rẹ̀ kan bọ́, kò wẹ̀yìn. Saheed ti gún ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan. Abẹ́rẹ́ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Saheed, dúró!"

Èémí ọmọ náà ń dúró, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pe dókítà. Saheed fa Ìdáyátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ayọ̀ mi, láti àná ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ojú mi ti ṣú. Dákun, má mẹ́nu ba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́."

"Tí dókítà ò bá mọ̀ pé ó ti gbà á, kí ló fẹ́ fi wò ó?"

Ìdáyátù sọ ọ́. Ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì, omijé ń bọ́ sórí ìwé.

Wọ́n ní kí Saheed lọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́ta. Alhaja pe Ìdáyátù lórí fóònù: "O ta ọmọ mi! Má fẹsẹ̀ tẹ ilé mi mọ́ láé." Saheed náà ò gbé ìpè Ìdáyátù. Ìdáyátù ò lè jẹun dáadáa. Lójoojúmọ́ ló ń lọ yọjú wo ọmọ náà.

Ọmọ náà yè. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n gbé e relé, Saheed dúró de Ìdáyátù lẹ́nu géètì, ó ti rù.

"Mo ti lọ bá ìyá ọmọ náà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún un. Ìwọ ló kù. Dárí jì mí, kó o bá mi lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Jikwoyi."

Ìdáyátù bá a lọ. Alhaja rí wọn, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdáyátù kúnlẹ̀.

"Ìyá mi," ni Saheed wí, "ká ní ó gbọ́ tèmi lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó pa ọmọ ọlọ́mọ lẹ ò bá máa pè lọ́mọ. Ẹni tí kò purọ́ nítorí mi, kò ní purọ́ fún mi."

Alhaja fi etí ìborùn nu ojú.

"Dìde, sìmẹ́ǹtì yẹn tutù. Mi ò tíì jẹun. Wọlé, ká jọ jẹ."

Ọ̀sẹ̀ tí Saheed padà sẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n so yìgì wọn.