Ooru Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀tún

Kámẹ́rà náà ti lọ. Ilẹ̀kùn kò fọ́, fèrèsé kò ṣí, àpò rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù sórí tábìlì yàrá àwòrán.

"Ayàwòrán yẹn ni," ni dókítà oníṣẹ́-abẹ wí. "Ẹ mú un, ká ráyè ṣiṣẹ́."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wò ó lókè délẹ̀. Obìnrin tó ti ń dàgbà ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà. Màmá Kí-ló-dé ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá, torí pé ohun tó kọ́kọ́ máa ń bi gbogbo ayé nìyẹn. Inú ń bí i láàárọ̀ yìí. Ọ̀gá rẹ̀ ti fóònù pé kó tètè mú ẹnì kan kó sì máa bọ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n ń ra ọ̀daràn lọ́jà.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ òun?"

"Mo sọ fún un pé kò sídìí tí a fi nílò àwòrán rẹ̀ mọ́. Ojú mi ń ríran, ọwọ́ mi mọ ibi tó bá gbóná. Lálẹ́ àná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, mo ní èmi fúnra mi máa jókòó tì í nígbà tí wọ́n bá ń ya ti ìkẹyìn láàárọ̀ yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó bínú. Ó gbé e lọ."

Ilé ìwòsàn kékeré ni, ibi tí wọ́n ti ń fa awọ ojú tó ti hunjọ kó lè tún dán. Kámẹ́rà ọ̀hún kì í ya ẹwà, ooru ló ń yà. Ibi tó bá tutù lára èèyàn á yọ búlúù, ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ á yọ ní àwọ̀ ìyeyè, ibi tí egbò bá ti fẹ́ máa kẹ̀ lábẹ́ awọ á pọ́n kí ojú lásán tó rí nǹkan kan. Aláìsàn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, obìnrin tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, òní ló sì yẹ kó lọ sílé.

Ayàwòrán jókòó sí kọ̀rọ̀.

"Màmá, mi ò gbé e. Mo lọ́mọ nílé. Tí ẹ bá fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ mú mi jáde níbí lónìí, ta ló tún máa gbà mí síṣẹ́?"

"Mi ò tíì mú yín. Báwo lẹ ṣe ń ya àwòrán ọ̀hún?"

"Mo máa ń pa fáànù. Aláìsàn á tú báńdéèjì, á jókòó jẹ́ẹ́ títí ara á fi balẹ̀. Nǹkan kan ò gbọ́dọ̀ kan ojú yẹn. Tí nǹkan bá kàn án, àwòrán á parọ́."

"Ẹ máa ń jókòó tì wọ́n?"

Ojú tì í. "Rárá o. Ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, tí òwú tí wọ́n fi rán an ṣì wà lára ẹ̀, kò sóbìnrin tó fẹ́ kí ọkùnrin jókòó máa wò ó. Mo máa ń jáde, ó di ìgbà tí ara bá balẹ̀ kí n tó padà wá yà á. Mo ń bọ̀wọ̀ fún wọn."

Ó tan kọ̀ǹpútà, ó fi àwòrán àná hàn án. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì yọ ní àwọ̀ ìyeyè. Tọ̀tún yọ búlúù, ó tutù dáadáa. Màmá Kí-ló-dé tẹ̀ síwájú. Etí búlúù náà gún régé láti ẹ̀gbẹ́ etí dé àgbọ̀n, bí ìgbà tí wọ́n fi rúlà fà á.

"Kí ló dé tó fi gún báyìí?"

"Èmi náà rí i. Mo fi han dókítà. Wọ́n ní kí n má da àwọn láàmú, pé ohun tó bá ti tutù ti dára."

Màmá Kí-ló-dé kẹ́dùn. Gbogbo èèyàn ilé yìí ló mọ̀ ọ́n sọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gbọ́. Ó wo yàrá àwòrán náà yíká. Ilẹ̀kùn méjì ló ní. Ọ̀kan jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí nọ́ọ̀sì ń jókòó sí, èkejì wọ yàrá aláìsàn tààrà.

"Ta ló wọ yàrá àwòrán láàárọ̀ yìí?" ló bi nọ́ọ̀sì.

"Ẹnì kankan ò gba iwájú mi wọ ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n aláìsàn nìkan ló wá, yàrá àbúrò rẹ̀ ló sì lọ. Ó gbé ọ̀rá omi dídì wá bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́."

"Omi dídì? Aláìsàn ń mu ún?"

"Mu kẹ̀? Tíì lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nìkan ló ń mu. Ó ní omi tútù ń ta òun léyín."

Ẹ̀gbọ́n náà ló kàn. Ó di báàgì rẹ̀ mú gbágbáágbá, ó ní kò sọ́lọ́pàá tó máa tú ẹrù òun láyé.

"Ìyáàfin, wọ́n fẹ́ gbé ẹni ẹlẹ́ni lọ sátìmọ́lé. Ẹ ṣí i."

Ó fìbínú ṣí i. Kò sí kámẹ́rà níbẹ̀. Aṣọ ìnura kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ó rin gbingbin.

"Kí ló dé tó fi tutù?"

"Àbúrò mi ló ní kí n lọ sá a. Ojoojúmọ́ ló ń fún mi ní ọ̀kan. Ṣé aṣọ tútù náà ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Fóònù dún. Ọ̀gá rẹ̀ ni. Kó tó pa á, dókítà ti yọ lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ẹ ò tíì mú un ni? Àwòrán àná ti tó mi. Mo fẹ́ jẹ́ kí aláìsàn máa lọ sílé."

"Kò níbi tó ń lọ," ni Màmá Kí-ló-dé wí, ohùn rẹ̀ sì le. Ó kọjú sí ayàwòrán. "Ṣé kámẹ́rà mìíràn wà?"

"Ògbólógbòó kan wà, dígí rẹ̀ ti sán. Àmọ́ ó ṣì ń rí ooru."

Gbogbo wọn wọ yàrá aláìsàn. Obìnrin náà fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, báńdéèjì bo gbogbo ojú rẹ̀ àfi ẹyinjú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti rí olè náà?" Ohùn tí gbogbo ilé ń gbọ́ lálaalẹ́ ni, kò yingin rárá.

"Ẹ tú báńdéèjì yẹn, dókítà," ni Màmá Kí-ló-dé wí.

"Kí ló fà á? Dókítà ní tàná ti tó!" ni aláìsàn wí.

Dókítà ń kùn, àmọ́ ó tú u. Ayàwòrán gbé kámẹ́rà sókè, ó sì pariwo. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún pọ́n bí ẹyin iná, láti etí dé àgbọ̀n. Dókítà fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ó yọ ọwọ́ kíá.

"Tó bá délé pẹ̀lú èyí, á kẹ̀ wọnú," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn á bàjẹ́ pátápátá."

Màmá Kí-ló-dé jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Tí ayàwòrán bá ti jáde, ẹ ó fi aṣọ ìnura wé ọ̀rá omi dídì, ẹ ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ara kì í tutù ní ìlà gbọọrọ, etí ọ̀rá ló gún bẹ́ẹ̀. Nígbà tí dókítà ní òun máa jókòó tì yín, ọgbọ́n tán. Ẹ gba ilẹ̀kùn yẹn wọlé, ẹ gbé kámẹ́rà. Ìwọ̀nba ibi tí ẹ lè rìn dé náà nìyẹn."

Obìnrin náà na ọwọ́ sẹ́yìn. Ó fa kámẹ́rà jáde nínú ìrọ̀rí tó fẹ̀yìn tì.

"Kí ló dé?"

"Ọjọ́ Ajé ni mò ń padà síṣẹ́. Ọmọdébìnrin kan ti wà lórí àga mi, wọ́n sì ń yìn ín. Tí dókítà bá mọ̀ pé ó gbóná, wọ́n á tún un là, wọ́n á tún dá mi dúró. Mo rò pé á lọ fúnra rẹ̀."

"Ẹ gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbé bàbá yìí lọ?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ sì dákẹ́."

"Mo dákẹ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́kún. "Èmi ni mò ń gbé e wá! Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń gbé omi dídì yẹn wá fún un!"

Inú bí Màmá Kí-ló-dé, ó dìde létí bẹ́ẹ̀dì. Ayàwòrán ló sọ̀rọ̀, ojú dókítà ló sì ń wò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè là á. Ó ń pọ́n sí i."

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Kí-ló-dé padà wá pé kí ayàwòrán wá sọ bóyá ó fẹ́ fẹjọ́ sùn. Ó bá ilẹ̀kùn yàrá àwòrán ní ṣíṣí díẹ̀. Aláìsàn ti jókòó, ojú rẹ̀ wà ní gbangba, òwú tuntun wà lẹ́rẹ̀kẹ́. Ayàwòrán pa fáànù. Ó wá fa àga kan, ó sì jókòó síwájú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, màdáàmù. Mi ò ní jáde mọ́."

Omi bọ́ lójú obìnrin náà, ó ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún.

"Ẹ má sunkún, á ba àwòrán jẹ́," ni ayàwòrán wí. Ó dúró títí omi náà fi gbẹ. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀."