Lọ́rì Tí Òjò Ń Bẹ̀rù

"Lọ́rì tí èmi Mùíbì bá kan bọ́dì rẹ̀, òjò ń bẹ̀rù rẹ̀! Bí òjò bá ṣú láti Ìkẹjà, tó rí lọ́rì mi l'Ágége, á kúnlẹ̀, á ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n gba ibòmíràn.'"

Ìyá Ràbíátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Oníṣòwò obì ni wọ́n. Lọ́rì tí yóò máa kó obì wọn láti oko dé ibùdókọ̀ rélùwéè ni wọ́n ní ká kàn. Òkè òkun ni ẹ́ńjìnnì àti táyà ti ń wá. Àwa ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Sàláwù la ń fi pákó kan ara ọkọ̀ lé e. Tẹ́lẹ̀, àwọn oníbàárà ń tò bí èèrà. Àfi ìgbà tí àwọn òyìnbó kan dé sí Ìkẹjà, tí wọ́n ń ta lọ́rì onírin tí bọ́dì rẹ̀ ti wà lára rẹ̀. Gbogbo oníbàárà wa ya lọ síbẹ̀. Ó ku Ìyá Ràbíátù nìkan.

Kí Ọ̀gá tó lọ tọ́jú ìyá wọn tó ń ṣàìsàn l'Ógbómọ̀ṣọ́, wọ́n kìlọ̀ fún mi: "Mùíbì, sá pákó yìí fún oṣù méjì gbáko. Má kàn án ní tútù o! Bí obìnrin yìí bá lọ, ṣọ́ọ̀bù ti kú nìyẹn."

Oṣù méjì kẹ̀! Èmi tí mo ka ìwé dé Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀, tí mo mọ gbogbo nǹkan tán àfi ìṣirò àti ìwé kíkà! Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kàn án tán. Oòrùn na pákó, pákó súnkì, ó lanu. Àlàfo tí ẹfọ̀n lè gbà kọjá! Mo po lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ gọ́ọ̀mù, mo fi dí i, mo kun ọ̀dà pupa lé e. Ó ń dán bí ojú ìyàwó tuntun.

"Ṣé kò ní jò?" Ìyá Ràbíátù bi mí. "Bí omi bá kan obì, jíjẹrà ló kù."

"Kó jò bí i ti báwo? Ẹ da ọ̀sà lé e lórí!"

"Ó dáa. Wọ inú rẹ̀, ọmọ mi."

Mo wọlé. Kí n tó ṣẹ́jú, àwọn aláàárù wọn ti gun òrùlé lọ́rì, wọ́n ń da omi. Korobá kìíní, gọ́ọ̀mù yọ́. Korobá kẹta, bàtà mi di odò. Àwọn ará àdúgbò pé lé mi lórí.

"Mùíbì, ṣé ẹja wà níbẹ̀?"

"Òógùn ni!" mo kígbe. "Ooru ló mú mi!"

Ìyá Ràbíátù fìka kan pákó, lẹ́búlẹ́bú tẹ̀ lé ìka wọn. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn.

"Ará ilé ni mo fẹ́ ná owó mi fún. Òyìnbó ò gbọ́n jù yín lọ o. Ohun tó bá sọ ni ọjà rẹ̀ ń ṣe. Ẹ̀yin ń fi ọ̀dà bo àbùkù. A ò sá fún yín, ẹ̀yin lẹ lé wa." Wọ́n kọrí sí Ìkẹjà.

Mo ń ronú irọ́ mìíràn lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi: "Mùíbì, kí ló ń pa lọ́rì lẹ́kún?"

Ọ̀gá Sàláwù! Àpò ìrìnàjò ṣì wà léjìká wọn.

"Ọ̀gá, òjò ló..."

Oòrùn ń ràn bí iná. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n tẹ pákó, wọ́n sì nawọ́ mú ọ̀pá ìwọ̀n.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, iṣẹ́ tí ẹ bá kánjú ṣe tí ẹ fi ẹnu dídùn bò, ó ń kó oníbàárà yín fún àlejò ni. N ò lè ṣàlàyé jù báyìí lọ, nítorí mo ti gba ọ̀nà Oko Ọba, bàtà mi ń tú omi, Ọ̀gá ń bọ̀ lẹ́yìn!