Búrẹ́dì Kọ́ Ni Pátákó Ọmọ́níkẹ́

Ìyẹ̀fun bo ọkùnrin náà dé ìpéǹpéjú lọ́sàn-án tó kọ́kọ́ yọjú sí ṣọ́ọ̀bù Ọmọ́níkẹ́. Ẹni tó bá gbé Pápá Àjàó rí kò lè gbàgbé ariwo irin ibẹ̀, bó ti wù kó jìnnà tó. Láàárín ariwo yẹn ni Ọmọ́níkẹ́ ti ń yan amọ̀ dídán kan tó rí bí ìpẹ́ ẹja nínú agbada irin. Amọ̀ náà ń wú, ó ń ta pára-pára.

"Àǹtí, gúgúrú wo lẹ̀ ń yan yìí?"

"Bù ú jẹ, kí eyín ẹ kán."

Ó rẹ́rìn-ín. Gbádé lorúkọ rẹ̀, ọmọ oníbúrẹ́dì kan ní Ìpọ̀nrí. Ooru ààrò ìyá rẹ̀ ń la ògiri kọjá sí yàrá aládùúgbò, lánlọ́ọ̀dù sì ti ní kí wọ́n kó jáde bí kò bá dáwọ́ dúró kí oṣù tó parí. Wọ́n ní obìnrin kan ń fi amọ̀ wíwú ṣe pátákó tí ooru kì í là kọjá.

Òótọ́ ni. Ọmọ́níkẹ́ á po amọ̀ náà mọ́ gọ́ọ̀mù, á tẹ̀ ẹ́ sínú férémù, á tò ó síbòójì fún ọjọ́ mẹ́wàá kó lè gbẹ dénú.

Ojoojúmọ́ ni Gbádé ń wá wò ó, tòun ti búrẹ́dì gbígbóná.

"Kí lò ń wò lára pátákó tó ń gbẹ?"

"Pátákó kọ́ ni mò ń wá wò, Níkẹ̀ẹ́ mi."

Inú Ọmọ́níkẹ́ dùn, àyà rẹ̀ sì já. Ìyá Gbádé ti sọ tirẹ̀: "Obìnrin tó ń bá àwọn wẹ́dà jìjàdù iná? Bí pátákó ẹ̀ bá kùnà, o ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹ̀ sí mi létí mọ́." Gbádé fi ẹ̀rín ròyìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa Ọmọ́níkẹ́ lẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ keje, lánlọ́ọ̀dù tún wá pariwo. Gbádé sáré wá kó àwọn pátákó náà.

"Ibòójì ni kó o tò wọ́n sí o. Má fi wọ́n súnmọ́ iná rárá kí wọ́n tó gbẹ."

"Mo gbọ́."

Ṣùgbọ́n ọmọ oníbúrẹ́dì ni. Lójú tirẹ̀, ohun tó bá ṣì tutù nínú, ààrò ni í parí ẹ̀. Ó tì wọ́n sínú iná, kí wọ́n lè tètè gbẹ. Gbogbo wọn bẹ́.

Nígbà tí Ọmọ́níkẹ́ dé Ìpọ̀nrí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá Gbádé ti dúró lórí àfọ́kù, àwọn òṣìṣẹ́ yí i ká.

"Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ rè é! Ṣé bó o ṣe ń lu gbogbo Èkó ní jìbìtì nìyí?"

Ọmọ́níkẹ́ wo Gbádé. Bó bá dákẹ́, orúkọ òun ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìfẹ́ àwọn méjèèjì sì parí nìyẹn. Gbádé wolẹ̀.

"Màámi, pátákó ò ṣẹ̀. Ó kìlọ̀ fún mi. Èmi ni mo fi wọ́n sínú iná."

"Níwájú àwọn òṣìṣẹ́ mi lo ti ń sọ èyí?"

"Níwájú wọn náà lẹ ti bú u."

Ìyá náà wé gèlè rẹ̀, ó lọ bẹ lánlọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Gbádé ló ń po amọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, Ọmọ́níkẹ́ ń bá a wí. Ọjọ́ mẹ́wàá pé géérégé kí wọ́n tó to pátákó mọ́ ògiri inú ààrò. Wọ́n dáná. Ọmọ́níkẹ́ kò lè jókòó. Nígbà tí wọ́n kó búrẹ́dì jáde lẹ́ẹ̀kẹta, Sàúdátù aládùúgbò yọjú láti yàrá kejì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò tíì dáná lónìí ni?"

Ẹ̀rín sọ. Ìyá Gbádé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí Ọmọ́níkẹ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, ọjọ́ wo ni bàbá ẹ máa ń wà nílé?"

"Ọjọ́ Sátidé, mà." Ọmọ́níkẹ́ ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun kúnlẹ̀.