Èédú Kì Í Wọ Inú Àgọ́

Ẹni tó bá dé ibùdó àgọ́ kan tó wà létí adágún, nítòsí Brandywine ní Prince George's County, kò ní pẹ́ mọ Alhaji Rasaq àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Falilat. Àwọn ni wọ́n ń gba àlejò níbẹ̀. Inú ọkọ̀ ńlá kan tó ní bẹ́ẹ̀dì, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ ni wọ́n ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, títí òtútù yóò fi lé wọn padà sílé wọn ní Glenarden.

"Iṣẹ́ wo tiẹ̀ ni ẹ ń ṣe níbẹ̀ gan-an?" ni Túndùn, ọmọ wọn obìnrin, máa ń bi wọ́n lórí fóònù.

"À ń kí èèyàn káàbọ̀," ni Alhaji máa ń dáhùn. "À ń kó eérú níbi tí wọ́n ti dáná. Ẹni tí kò bá sì mọ àgọ́ pa, à ń bá a pa á."

"Ẹ kúrò n'Íbàdàn, ẹ wá sí Amẹ́ríkà wá máa gbé inú igbó!"

"Ilé ni gbogbo Ìbàdàn. A ti rí ilé. Igbó ló kù tá a fẹ́ rí."

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa Túndùn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í jẹ́ kó ráyè wá. Ìgbà tó di oṣù kẹwàá, tí ewé ti ń pọ́n lórí igi, ló tó gbà. Òun, ọkọ rẹ̀ Jeremiah, àti ọmọ wọn Ayọ̀kúnnúmi gbéra láti Forestville lọ́jọ́ Sátidé kan. Ibi iṣẹ́ òru ni Túndùn ti bọ́ sínú ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe pa àgọ́ tán, ó wọlé, ó sùn lọ fọnfọn.

Ìyá Falilat ka òfin ibùdó fún àna rẹ̀ bó ṣe máa ń kà á fún gbogbo àlejò.

"Bàbá Ayọ̀, ẹ má bínú, èmi ò mọ ẹbí lórí èyí o. Iná kì í wọ inú àgọ́. Ìta ni kó wà."

"Mọ́mì, mo ti gbọ́," ni Jeremiah wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé ààrò onírin rẹ̀ kalẹ̀ níta, ó da èédú sí i, ó sì tẹ́ ẹran adìyẹ lé e.

Ẹran ò tíì jinná tí òjò fi dé. Atẹ́gùn tutù ń fẹ́ bọ̀ láti orí adágún. Jeremiah wo ẹran, ó wo òjò. Iná ti lọ sílẹ̀, ẹyin iná pupa nìkan ló kù, kò sì rú èéfín mọ́. Ó gbé ààrò náà wọ inú àgọ́, ó sì fa síìpù pa.

"Dádì, Grandma ò ní bínú?" ni Ayọ̀kúnnúmi bi í lédè Gẹ̀ẹ́sì.

"Iná ni wọ́n ní ká má gbé wọlé. Iná ti kú. Mo sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ díẹ̀."

Inú àgọ́ móoru. Ó dùn mọ́ wọn. Àmọ́ nígbà tó yá, Ayọ̀kúnnúmi ní orí ń fọ́ òun, inú sì ń rìn òun. Orí Jeremiah náà ti wúwo. Ó rò pé ebi ni.

"Sùn ti ìyá rẹ," ló sọ fún ọmọ. "Tó o bá jí, wàá jẹ adìyẹ."

Ìgbà yẹn gan-an ni Ìyá Falilat ń bọ̀ lábẹ́ agbòjò, ó gbé mọ́ínmọ́ín dání fún wọn. Ó rí i pé ààrò ò sí níta mọ́. Ó kí wọn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó fa síìpù sílẹ̀, ooru èédú sì gbá a lójú. Mọ́ínmọ́ín já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jáde! Gbogbo yín, ẹ jáde báyìí! Bàbá Túndùn o!"

Ó wọ́ ọmọ jáde. Jeremiah tẹ̀ lé e, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Alhaji sáré dé, ó di etí tìmùtìmù mú, ó sì fà á jáde tòun ti Túndùn lórí rẹ̀.

"Ta ló ń da omi sí mi lára?" ni Túndùn kígbe nígbà tí òjò bà á.

Ayọ̀kúnnúmi ń bì. Túndùn di orí ara rẹ̀ mú. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó rí i pé òun náà di orí mú. Ó wá wo inú àgọ́, ó rí ààrò. Oorun dá lójú rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ pe 911! Ẹnikẹ́ni má padà wọlé!"

"Mo ti ń bá wọn sọ̀rọ̀," ni Ìyá Falilat dáhùn, fóònù wà létí rẹ̀.

"Jẹ́ kí n gbé ààrò náà jáde," ni Jeremiah ń wí, "kó má lọ jó àgọ́."

"Kó jó! Àgọ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ ò sí ní ṣọ́ọ̀bù," ni Túndùn dá a lóhùn.

Àwọn panápaná dé. Wọ́n na ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ sẹ́nu ọ̀nà àgọ́, ẹ̀rọ náà sì figbe ta. Wọ́n gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fi ọ́síjìn sí wọn nímú.

"Mi ò rí èéfín," ni Jeremiah wí níbẹ̀. "Mi ò gbóòórùn kankan."

"Kò sẹ́ni tó lè rí i," ni Túndùn dáhùn. "Kábọ́ọ̀nù mónóksáìdì ni, afẹ́fẹ́ olóró. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Bí ọwọ́ iná bá tiẹ̀ ti kú, níwọ̀n ìgbà tí èédú bá ṣì ń gbóná, ó ń tú u jáde. Fèrèsé tó o ṣí ò tó. Á fọ́ni lórí, á mú inú rinni, á sì kunni lóorun. Ẹni tó bá wá sùn nínú rẹ̀ lè má jí mọ́. Èmi tí mo ti ń sùn tẹ́lẹ̀, báwo ni mi ò bá ṣe mọ̀?"

Jeremiah sún mọ́ ọn. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà ní ara wọn ti yá, kí wọ́n máa lọ. Wọ́n padà sí ibùdó láti tú àgọ́ wọn. Oòrùn ti yọ. Ethan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí àgọ́ rẹ̀ ò jìnnà, gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó fẹ́ tan án. Jeremiah sáré lọ bá a. Ó ṣàlàyé pé jẹnẹrétọ̀ náà ń tú irú afẹ́fẹ́ yẹn jáde, ó ṣàpèjúwe bí orí ṣe ń fọ́, bí wọ́n ṣe fa ìyàwó rẹ̀ gba inú òjò kọjá. Ethan lanu sílẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi gbé jẹnẹrétọ̀ náà lọ sọ́nà jíjìn.

"Ìyá Túndùn," ni Alhaji wí, "a ti rí ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa."

"Kó kọ́kọ́ wá bá mi ṣa mọ́ínmọ́ín tó mú mi dà nù," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ará, bó ṣe rọrùn tó kí èèyàn kú sínú àgọ́ nìyẹn. Ẹ má gbé èédú, jẹnẹrétọ̀ tàbí sítóòfù gáàsì ìpàgọ́ wọ inú àgọ́, ọkọ̀, gáréèjì tàbí yàrá, ì báà jẹ́ pé iná rẹ̀ ti kú lójú yín. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà dáadáa sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń ké bí afẹ́fẹ́ olóró yìí bá wà nítòsí sílé àti sínú ọkọ̀ tí ẹ ń sùn sí, kí ẹ sì máa dán an wò bóyá bátìrì rẹ̀ ṣì dára. Bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà nínú ilé tí nǹkan ti ń jó, ẹ má wá Panadol. Ìta ni kí ẹ sáré sí, kí ẹ pe 911 níbẹ̀, kí ẹ má sì padà wọlé títí panápaná yóò fi ní ó yá.

Bí òjò bá sì ká ẹran mọ́ orí ààrò, ẹ jẹ́ kí òjò pa á. Ẹran tó tutù ṣeé tún yan.