Ta Ló Ru Àpò Òyìnbó?

Wọ́n bá òkú Abraham lórí iyanrìn ihò kẹsàn-án, ó dojú bolẹ̀, ìpàkọ́ rẹ̀ ti là. Irin gọ́ọ̀fù tó pa á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan. Wọ́n ti fi ráátò, irin eléyín tí wọ́n fi ń tún iyanrìn ṣe, pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Àwọn ìlà ráátò náà lọ tààrà, ìdí ìlà kọ̀ọ̀kan sì yẹ̀ sí òsì bí ìwọ̀ ẹja.

Àwọn òyìnbó ló fi pápá gọ́ọ̀fù yìí sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú Parakou. Koríko kì í hù níbẹ̀, iyanrìn tí wọ́n fi ọ́ìlì mọ́tò pò ni wọ́n tẹ́ sídìí ihò kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Ìyípòpadà dé, tí àwọn kàmáràdì gba ìjọba, wọ́n fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ gbin iṣu. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ìjọba tuntun gbá bọ́ọ̀lù náà wò, ó dùn mọ́ wọn, wọ́n bá rí i pé eré òṣìṣẹ́ ni. Ta ló ru àpò irin gọ́ọ̀fù fún òyìnbó? Ṣebí òṣìṣẹ́ ni. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀gá kan ní Parakou tí kò ru àpò rí. Bí a bá ka gbogbo wọn, òyìnbó kọ̀ọ̀kan á ní aláàárù mẹ́tàdínlógún.

Abraham, akọ̀wé ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù, ló ń kọ ìtàn ẹgbẹ́ náà fún àjọ̀dún ọdún 1979. Ojú ìwé tó kẹ́yìn ti kúrò lórí tábìlì rẹ̀.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Adéṣínà, ọmọ Ṣábẹ̀, dé ní aago mẹ́sàn-án. Àwọn sàndáámù, ọlọ́pàá ológun, ti mú Gàní, bàbá tó ń tọ́jú pápá. Òun ló ni ráátò.

"Kó tó di ọ̀sán, á ti jẹ́wọ́," ni ọ̀gá sàndáámù wí. "Ó kù díẹ̀. Àwọn ọmọ mi ń bá a sọ̀rọ̀."

Láti inú yàrá irinṣẹ́, Adéṣínà gbọ́ igbe Gàní bí wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n sinmi díẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ tún iyanrìn yẹn ṣe?"

Gàní yí etí òsì sí i. "Ẹ wò ó, ọmọ mi. Ṣebí ẹ rí i pé ó lọ tààrà? Ẹ̀gbẹ́ ihò la ti ń bẹ̀rẹ̀. A ó máa yí i po, a ó máa fẹ̀yìn rìn títí a ó fi jáde. Tó bá lọ tààrà, poro ni bọ́ọ̀lù á tẹ̀ lé. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gá mi gbá mi létí. Ti ọ̀tún yìí kò gbọ́rọ̀ mọ́."

Ọmọ́yẹmí, obìnrin tó ń ta bíà nílé ẹgbẹ́, ń fọ ife.

"Wọ́n ní ẹ bá Abraham jà," ni Adéṣínà wí.

"Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé obìnrin Kọ̀mándáǹ òyìnbó ni ìyá mi. Mo ní bó bá tẹ̀ ẹ́ jáde, màá da omi gbígbóná sí i lára. Omi gbígbóná, Mùsíọ̀. N kò dárúkọ irin."

"Ta ló tún ń bínú sí i?"

"Gbogbo ẹni tó lórúkọ nínú ìwé. Èmi ń bu ọtí fún ọgbọ̀n ènìyàn nírọ̀lẹ́ àná. Ẹ bi àwọn tó bá ṣì rántí."

Wọ́n rántí.

Lábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Abraham, Adéṣínà rí kábọ̀nù, bébà dúdú tí ń ṣe ẹ̀dà. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n lò ó. Ó gbé e sí ojú oòrùn, ó kà á, ó ká a sápò. Ó wá ránṣẹ́ pe Kọ́lápọ̀, alága ẹgbẹ́, àti gbogbo ìgbìmọ̀ sídìí ihò kẹjọ.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ru àpò níbí," ni Kọ́lápọ̀ wí. "Èjìká ṣì ń dùn mí bí òjò bá ṣú."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi pè yín, Kàmáràdì. Ẹ bá mi tún iyanrìn yìí ṣe bí aláàárù."

Kọ́lápọ̀ wo ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ ń wò ó. Ó ká apá aṣọ, ó fa ráátò. Ó fà á tààrà, bí ẹni ń la poro.

"Ọwọ́ òsì lẹ ń lò."

"Ọwọ́ òsì ni ọwọ́ òṣìṣẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n wo ilẹ̀. Ìdí ìlà kọ̀ọ̀kan yẹ̀ sí òsì.

"Ẹ̀yin lẹ pa Abraham," ni Adéṣínà wí. "Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lù ú, ẹ fi ráátò pa ipa ẹsẹ̀ yín rẹ́. Aláàárù kan kì í fà á tààrà. Ẹ mú ojú ìwé náà àti ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ gbàgbé kábọ̀nù." Ó kà á sókè: "Ní 1956, Kọ́lápọ̀ ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di ọmọ ẹgbẹ́. Gàní ló ń ru àpò rẹ̀."

Kọ́lápọ̀ jókòó sórí iyanrìn ọlọ́ìlì náà pẹ̀lú ṣòkòtò kákí rẹ̀.

"Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó kọ ọ́ pé mo ru àpò, ì báà ṣe ọjọ́ kan. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé èmi tí mo gbá Gàní létí títí ó fi dití? Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín."

Wọ́n mú un lọ. Adéṣínà sáré padà sí yàrá irinṣẹ́. Ẹnì kankan kò tíì sọ fún àwọn sàndáámù pé kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ padà.

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò sọ pé Kọ́lápọ̀ ni ọ̀gá yín?"

"Wọn ò bi mí ní ti ọ̀gá. Ìjẹ́wọ́ ni wọ́n ń béèrè."

Lọ́sẹ̀ yẹn, ìgbìmọ̀ yan alága tuntun, ẹni tó ru àpò fún ọdún méjìlá. Ó yin Gàní fún ìwà akọni. Ó ní ó ṣeni láàánú pé ìka tó ti kán kò lè tọ́jú pápá mọ́, ẹgbẹ́ á wá ẹlòmíràn. Gbogbo wọn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ó pẹ́. Gàní náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti bá wọn pàtẹ́wọ́, àwọn ìka náà kò jẹ́.